Margaret Dayhoff: Obìnrin tó fi kọ̀ǹpútà tú àṣírí èròjà ara

Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá ń kú léraléra mọ́ ìyá lọ́wọ́ ní Ìyé-Èkìtì, Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́, àbíkú ni wọ́n máa ń pè é. Àwọn dókítà ti wá jẹ́ kó yé wa pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló wà nídìí àwọn kan nínú irú ikú bẹ́ẹ̀. Lára àwọn tó jẹ́ kó ṣeé ṣe láti ka irú àìsàn yìí bí ẹni ń ka ìwé ni obìnrin Amẹ́ríkà kan, Margaret Oakley Dayhoff.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 1925 ni wọ́n bí i sí ìlú Philadelphia. Ìmọ̀ ìṣirò ló kà ní Yunifásítì New York, kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní Columbia ní ọdún 1948. Nígbà tó bí ọmọbìnrin méjì, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ láti tọ́ wọn. Ọdún 1960 ló darapọ̀ mọ́ National Biomedical Research Foundation.

Purotéènì inú ara dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sójú okùn. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ló wà, jíìnì tí ọmọ jogún lára bàbá àti ìyá ló sì ń pàṣẹ bí wọn yóò ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ní 1956, Vernon Ingram rí i ní Cambridge pé ìyípadà ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló ń fa fòníkú-fọ̀ladìde. Àmọ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń gé okùn náà kí wọ́n tó lè kà á, àtitò ó padà sì ṣòro. Dayhoff àti Robert Ledley kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń tò ó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní 1965, Dayhoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó purotéènì 65 jọ sínú ìwé kan. Òun náà ló fún ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan ṣoṣo, kó má baà gba ààyè púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ kéde irú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n sọ ní D Ibadan. Ìlẹ̀kẹ̀ kan yí padà nínú tirẹ̀ náà, síbẹ̀ kì í fa fòníkú-fọ̀ladìde, kódà bó bá pàdé S. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe gbogbo ìyípadà ló ń ṣeni ní jàǹbá. Ní 1978, Dayhoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìyípadà 1,572 ṣe òṣùwọ̀n tó ń fi hàn èyí tó wọ́pọ̀ àti èyí tó ṣọ̀wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Àwọn kan ka ìkójọ rẹ̀ sí iṣẹ́ akọ̀wé lásán, owó ìrànwọ́ sì ṣòro fún un láti rí. Kò torí ìyẹn jáwọ́. Àrùn ọkàn ló pa á ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì, ọdún 1983, lẹ́ni ọdún 57.

Lónìí, bí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fẹ́ra wọn bá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Ìdó-Èkìtì, tí èsì sì jáde pé AS ni àwọn méjèèjì, ohun tí èsì náà ń sọ ni pé lẹ́tà V ti gba ipò E nínú purotéènì tí jíìnì kan lára ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń pàṣẹ rẹ̀. Dayhoff ló fún wọn ní lẹ́tà náà.