Dúró Ládiípọ̀, ọmọ oníwàásù tó gbé Ṣàngó wá sórí ìtàgé

Ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti ọmọ Àjàṣẹ́ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ẹni tí Ṣàngó í ṣe. Ìyá àgbà ń ki í, onílù bàtá mọ ìlù rẹ̀, bí òjò bá sì ṣú tí ààrá sán, ọmọdé pàápàá mọ orúkọ tí àgbà ń pè. Ohun tó ṣòro ni láti gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí ìtàgé níwájú èrò tó sanwó wọlé, kí ó má di yẹ̀yẹ́, kí ó má sì di ìwàásù. Ọkùnrin tó ṣe é tí òkìkí rẹ̀ fi dé òkè òkun ni Dúró Ládiípọ̀ ará Òṣogbo. Ẹgbẹ́ eré tó bá ń fi ìtàn àtijọ́ dá eré tuntun lásìkò ọdún, ọ̀nà tí ọkùnrin yìí là ni wọ́n ń tọ̀, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1931 ni wọ́n bí i. Dúródọlá ni orúkọ náà ní kíkún, ẹni tó bá sì gbọ́ orúkọ yìí mọ̀ pé òbí ń bẹ ọmọ náà pé kí ó dúró ni. Iṣẹ́ oníwàásù ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Orin ìsìn àti Bíbélì ló wà nínú ilé. Ọdún Ọ̀ṣun, eégún àti ìlù ló wà níta. Láàárín méjèèjì ni ọmọ náà dàgbà sí. Nígbà tó kàwé tán, ó di tíṣà. Ó kọ́ni títí dé Kàdúná ní òkè ọya, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bá wọn dá sí eré ṣíṣe. Ọdún 1956 ló padà sí Òṣogbo. Ó ń ṣiṣẹ́ tíṣà lọ, ó sì ṣí ilé ọtí kan. Kí ẹ má gbàgbé ilé ọtí yìí.

Ọdún 1961 ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀, ó sì fi ìlù dùndún sí i. Lójú ẹni òde òní, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Dùndún ń dún ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìlù òrìṣà ni wọ́n kà á sí, àwọn tó ń ṣàkóso ìjọ kò sì lè gbà á láyè. Dúró ní ìdí tirẹ̀ tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn òyìnbó tí wọ́n fi ń kọ orin ìsìn kì í tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ sílẹ̀ ni orin ń gbé e sókè, ọkọ lè di ọkọ̀, ọkọ̀ sì lè di ọkọ́, kí ìjọ máa kọ ohun tí kò ní ìtumọ̀ sí Olúwa. Dùndún kò lè ṣi ọ̀rọ̀ pè bẹ́ẹ̀, nítorí bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Àríyànjiyàn náà pọ̀. Ọmọ oníwàásù ni, ìjọ bàbá rẹ̀ ni, ó sì yẹ kí ó dùn ún. Síbẹ̀ kò gbé ìlù náà sílẹ̀. Ó gbé orin rẹ̀ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà náà ni òun àti Ulli Beier, òyìnbó ọmọ Jámánì tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí ọdún 1961 yóò fi parí, orin Kérésìmesì tí Dúró ṣe ti dún ní Mbari ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ti ń pàdé. Ó wá rò ó pé kí Òṣogbo náà ní tirẹ̀. Ilé ọtí ọjọ́sí ló yọ̀ǹda. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i. Mbari jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìgbò, ṣùgbọ́n ará Òṣogbo kò jẹ́ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ di Yorùbá: Mbárí Mbáyọ̀, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Eré tí wọ́n fi ṣí i ni Ọba Mọ́rọ̀, ìtàn Aláàfin tó mú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti dẹ́rù ba àwọn tó fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́ àtijọ́, tó sì rí i pé ènìyàn bíi tòun ni wọ́n.

Ọdún 1963 ni Ọba Kò So jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ti ń sọ ìtàn àtijọ́ di eré, kí ó wo eré yìí dáadáa. Ìtàn náà ti wà nínú ìwé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ ọ́n. Ṣàngó ní ológun méjì tí agbára wọn ń bà á lẹ́rù, Tìmì àti Gbọ̀nká. Ogun ti sú àwọn ará Ọ̀yọ́. Ọba rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, Tìmì di ẹni ńlá níbẹ̀, ọba tún rán Gbọ̀nká kí ó lọ mú un wá. Ó ń fi ọ̀kan pa èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ́kù padà dojú kọ ọ́. Inú bí i, ó sọ agbára rẹ̀ sórí àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Ọya náà kò bá a dé òpin.

Ibi tí eré yìí ti le rèé. Àwọn kan ń sọ pé ọba so. Àwọn olùjọsìn Ṣàngó kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ẹlòmíràn ì bá mú ọ̀kan, kí ó ju èkejì nù. Kristẹni ì bá fi Ṣàngó ṣe ẹ̀kọ́ fún aṣebi, ẹni tó ń wá ojúure àwọn onísìn ì bá sì fi àṣìṣe ọba pamọ́. Dúró kò ṣe èyíkéyìí. Ó fi ẹ̀bi ọba hàn kedere, ó fi ìtìjú rẹ̀ hàn, lẹ́yìn náà ni ààrá sán, iná jó, tí àwọn tó ń pariwo pé ọba so sì yí ohùn padà. Òǹwòran fi ojú ara rẹ̀ rí bí ènìyàn ṣe di òrìṣà.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ló ti kọ́ ọ. Ó tọ àwọn tó ni oríkì lọ, ó gba àwọn onílù bàtá sínú ẹgbẹ́, ó jẹ́ kí ọfọ̀ jẹ́ ọfọ̀, kí ìjálá jẹ́ ìjálá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, tí ó ń di irun bí àwọn ẹlẹ́gùn-ún, tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Aya rẹ̀ Abíọ́dún ló ń ṣe Ọya.

Ní 1964 wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún tíátà ní Berlin, ní 1965 wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1975 wọ́n dé Amẹ́ríkà. Èdè Yorùbá náà ni wọ́n fi ń ṣe é níbi gbogbo.

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sórí ìtàn Ọ̀yọ́ nìkan. Ó ṣe Mọrèmi. Ó ṣe Ẹ̀dá, eré ayé àtijọ́ ti ilẹ̀ òyìnbó nípa olówó tí ikú wá pè, tí kò sì rí ọ̀rẹ́ kan tí yóò bá a lọ. Ó gba ilẹ̀ Jámánì kọjá kí ó tó dọ́wọ́ Dúró, ṣùgbọ́n lórí ìtàgé rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ayé àti ọ̀run bí Yorùbá ṣe mọ̀ ọ́n. Nínú Ọba Wàjà, ó sọ ìtàn Ẹlẹ́ṣin Ọba tí òyìnbó kò jẹ́ kó bá Aláàfin lọ, ó sì di ẹ̀bi náà ru òyìnbó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká, ní 1975, mú ìtàn kan náà, tó sì bi Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ léèrè. Ìtàn kan, eré méjì, kò sì sí èyí tó ba èkejì jẹ́.

Iṣẹ́ náà kò gbà á láyè ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bọ́ nínú ẹgbẹ́ náà, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń rìn, eré tẹlifíṣọ̀n tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1978 ló kú, ní ẹni ọdún 46. Lẹ́yìn rẹ̀ Abíọ́dún kó ẹgbẹ́ náà jọ, wọ́n sì tún ṣe Ọba Kò So. Ẹlòmíràn ló di irun Ṣàngó. Ọya ṣì jẹ́ Ọya.