HARUNA ÌṢỌ̀LÁ, ÒGBÓǸTARÌGÌ OLÓRIN ÀPÀLÀ

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn olórin ilẹ̀ Yorùbá tí òkìkí wọn kò bá wọn wọ sàréè, a kò lè fo ti Haruna Ìṣọ̀lá. Ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó ni a ti bí i ní ọdún 1919. Ọdún 1983 ni ó sì dágbére fún ayé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ni ó máa ń rò pé orin àwọn arúgbó ni àpàlà. Èrò tèmi ni pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tí kò bá tíì fara balẹ̀ gbọ́ ọkùnrin yìí ti pàdánù olùkọ́ pàtàkì kan.

Òkìkí Haruna kò dé ní ọjọ́ kan. Ní ọdún 1948 ni ó ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ HMV. Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, Ọba Adébóyè, ni ó fi àwo náà yẹ́ sí, ṣùgbọ́n àwo náà kò tà. Ẹlòmíràn ì bá ti fi orin sílẹ̀. Haruna kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ti òde ìnáwó kan bọ́ sí òmíràn, títí àwọn ènìyàn fi dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1955, ó tún orin ọba náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ayé gbọ́, wọ́n sì gba tirẹ̀.

Irú ohùn wo ni ohùn náà? Kì í ṣe ohùn ariwo rárá. Ohùn tí ó wálẹ̀ ni, tí ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí àgbà tí ó wọ agbádá. Ẹ fi wé ti Àyìnlá Ọmọwúrà, ará Abẹ́òkúta, tí ó kú ní ọdún 1980. Àpàlà ni àwọn méjèèjì ń kọ, ṣùgbọ́n ti Àyìnlá gbóná bí ata, ti Haruna sì tutù bí omi inú àmù.

Ní àkókò tí àwọn olórin jùjú ń lo gìtá, agídìgbo, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ni Haruna dì mú. A ti kọ́ ọ nínú kíláàsì pé bí ohùn bá yí padà, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lè yí padà: ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Nínú orin Haruna, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń tọ́ ohùn orin sọ́nà, ìlù a sì máa tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí òwe, oríkì àti ọ̀rọ̀ inú Àlùkùránì tí ó ń lò fi ń yéni kedere.

Àwọn kan ń bá a wí pé olówó ni ó ń kì. A kò lè jiyàn èyí. Àwo rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ, *Oroki Social Club*, tí ilé-iṣẹ́ Decca gbé jáde ní ọdún 1971, ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo ni ó fi yìn. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ náà ń gbádùn rẹ̀ títí di òní. Ẹwà èdè ni ó fà á, kì í ṣe owó.

Haruna kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn nìkan jẹ èrè ohùn rẹ̀. Ní ọdún 1969, òun àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀, kí olórin lè ní ìpín nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1979, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè MON dá a lọ́lá ní ọdún 1981.

Haruna ti lọ, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀, Músílíù, kò jẹ́ kí àpàlà kú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá tún gbọ́ àwo Haruna níbi ìnáwó, ẹ má ṣe kánjú dìde. Ẹ jókòó, kí ẹ sì fetí sí i. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un.