Annie Besant: Ìyá tí ilé ẹjọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá di alágbàtọ́ ọmọ ọlọ́mọ

Lọ́dún 1913, obìnrin aláwọ̀ funfun kan tó ti pé ọmọ ọdún 65 dúró níwájú adájọ́ nílé ẹjọ́ gíga ìlú Madras, ní India. Kò gba agbẹjọ́rò, òun fúnra rẹ̀ ló ń rojọ́. Ẹni tó pè é lẹ́jọ́ ni bàbá kan tó ní kó dá àwọn ọmọkùnrin òun méjèèjì padà. Orúkọ obìnrin náà ni Annie Besant, ààrẹ ẹgbẹ́ Theosophy lágbàáyé.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dúró níwájú adájọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ nìyẹn. Ní ọdún 35 ṣáájú, ilé ẹjọ́ kan ní London gba ọmọbìnrin tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lu ọmọ náà ní àlùbami, kò sì febi pa á. Ohun tí ìyá gbà gbọ́ ni kò bá ti ìlú mu.

Lónìí, ọ̀rọ̀ bíi karma àti yoga ti di ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ láti Èkó dé Kútọnu, láti Lomé dé Ouagadougou. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé obìnrin yìí wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láti India bọ́ sẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ayé.

Ìyàwó àlùfáà

Annie Wood ni orúkọ ilé bàbá rẹ̀. London ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1847, sínú ìdílé tí ẹ̀jẹ̀ Ireland pọ̀ nínú rẹ̀. Kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ ṣí ilé ibùgbé fún àwọn ọmọkùnrin tó ń kàwé ní Harrow kí ó lè rówó gbọ́ bùkátà, ó sì fi Annie sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ellen Marryat, tó kọ́ ọ ní ìwé àti ẹ̀sìn Kristi. Ẹ̀sìn náà wọ ọmọbìnrin yìí lára débi pé ó máa ń gbààwẹ̀ láìsí ẹni tó ní kó gbà á.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1867, nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó fẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, Frank Besant. Ìgbéyàwó náà kò tòrò. Annie ń kọ ìtàn kéékèèké fún ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n owó tó rí níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló gbà á, nítorí pé lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ohun tí aya bá ní, ti ọkọ ni. Wọ́n bí Digby, ọmọkùnrin, lọ́dún 1869, wọ́n sì bí Mabel, ọmọbìnrin, lọ́dún 1870.

Lọ́dún 1871, ikọ́ burúkú kan kọlu Mabel, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ rí èémí mí. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi jókòó tì í tọ̀sán tòru. Ọmọ náà yè é, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ìyá kò yè é. Kí ni ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì ṣe, tí Ọlọ́run aláàánú fi jẹ́ kí irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́? Ó bi àwọn àlùfáà, ó ka àwọn ìwé tí wọ́n ní kó kà, ìdáhùn wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun ló fà á dé India nígbẹ̀yìn.

Kò pẹ́ tó fi kọ̀ láti máa jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa nínú ìjọ tí ọkọ rẹ̀ ń darí. Lọ́dún 1873, ọkọ rẹ̀ ní kó yan ọ̀kan: kó padà sídìí tábìlì Olúwa, tàbí kó fi ilé òun sílẹ̀. Ó fi ilé sílẹ̀. Digby dúró lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Mabel sì tẹ̀lé ìyá.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Mabel lọ

Ní London, Annie darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tí kò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́, èyí tí Charles Bradlaugh jẹ́ olórí rẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti di ọ̀kan lára àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí èrò ń wọ́ tọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lásìkò tí obìnrin kì í sábà gun orí pèpéle.

Lọ́dún 1877, òun àti Bradlaugh tún ìwé kékeré kan tẹ̀, èyí tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Charles Knowlton, kọ lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á kí tálákà lè rí i rà. Ìjọba pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ìwé rírùn ni. Annie ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níwájú Adájọ́ Àgbà. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi, ó sì ní kí wọ́n lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà lọ́dún 1878 nítorí àṣìṣe kan nínú ìwé ẹ̀sùn.

Ẹ̀wọ̀n fò ó ru, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti rí ibi gbá a mú. Lọ́dún 1878 kan náà, Adájọ́ George Jessel pàṣẹ pé kí wọ́n gba Mabel, ọmọ ọdún méje, lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kò yẹ kí obìnrin tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, tó sì tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, tọ́ ọmọbìnrin. Nínú ìwé tí Annie kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, ó ní àìsàn ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọmọ náà sílẹ̀ ni, ó ń ké, ó sì ń jà nígbà tí wọ́n wá gbé e lọ. Ìyá náà dùbúlẹ̀ àìsàn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà tó láti yan ibi tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dá àwọn ọdún tó wà láàárín padà fún un.

Ìjà àwọn òṣìṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1888, ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìyà tó ń jẹ àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe ìṣáná nílé iṣẹ́ Bryant and May: owó oṣù tí kò tó nǹkan, àti owó ìtanràn tí wọ́n tún ń yọ lára rẹ̀. Nǹkan bí 1,400 òṣìṣẹ́ ló daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n sì borí.

Ìwé onípele méjì

Lọ́dún 1889, oníròyìn kan, W. T. Stead, gbé ìwé ńlá onípele méjì kan fún un pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Helena Blavatsky ló kọ ìwé náà, ọmọ Russia tó bá Henry Olcott àtàwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Theosophy sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1875. Annie ka ìwé náà tán, ó ní kí wọ́n mú òun lọ bá obìnrin tó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló para pọ̀ di Theosophy: ọ̀kan ni Ọlọ́run, èkejì ni ọgbọ́n. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń kọ́ni ni pé orísun kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀sìn ti ṣàn wá, àti pé àwọn ọlọ́gbọ́n kan wà tí ìmọ̀ wọn kọjá ti ènìyàn lásán, tí wọ́n ń pè ní Mahatma, ìyẹn ọkàn ńlá, tí wọ́n ń tọ́ aráyé sọ́nà láti ibi ìkọ̀kọ̀.

Karma ni ọ̀rọ̀ tó mú Annie lọ́kàn jù. Ní èdè Sanskrit, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nínú ayé kan ni yóò pàdé nínú ayé mìíràn, nítorí pé ọkàn ń kú, ó sì ń tún ayé wá. Níbí ni obìnrin yìí ti rí èsì ìbéèrè tó ti ń bá a jà láti ìgbà ikọ́ Mabel: ìyà ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ìkà Ọlọ́run, gbèsè ayé àtijọ́ ni. Kí èsì yìí tẹ́ ẹlòmíràn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹni tó bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí lè bèèrè bóyá ó sàn kí a sọ pé ọmọ náà ló jẹ gbèsè.

Yorùbá tó ń sọ ọmọ ní Babátúndé tàbí Yétúndé kò ní ka àtúnwá sí àjèjì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ tiwa, inú ẹbí ni àgbà ń padà sí, ayọ̀ ni wọ́n sì fi ń pàdé rẹ̀. Nínú ti Theosophy, ọkàn lè bọ́ sí ilẹ̀ èyíkéyìí, ìpadàbọ̀ náà kì í sì í ṣe àbẹ̀wò bí kò ṣe ẹ̀kọ́ tí kò tíì parí. Àkúnlẹ̀yàn náà yàtọ̀ sí karma: ẹni tó kúnlẹ̀ yàn, kò sí ibi tí wọ́n ti ní dandan ni kó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ayé ìṣáájú ló ń san.

Ní ti yoga, ọ̀rọ̀ náà bá àjàgà tan. Ìtumọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ ni kí a so nǹkan pọ̀, bí a ti ń so màlúù méjì mọ́ ohun ìtúlẹ̀ kan. Lọ́dún 1907, Annie ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ ní ìlú Benares, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ di ìwé. Kì í ṣe nína ẹsẹ̀ àti ọrùn tí à ń rí lórí fóònù ló ń sọ, bí kò ṣe bí ènìyàn ṣe lè kó ọkàn tó ń sáré kiri ní ìjánu, títí yóò fi dúró sójú kan.

Kí ó tó wọ ẹgbẹ́, Blavatsky ní kó kọ́kọ́ lọ ka ìwé ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan gbé jáde lọ́dún 1885, tó pe òun ní ẹlẹ́tàn. Annie kà á, kò gbà á gbọ́, ó sì wọ ẹgbẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1889. Ó dun Bradlaugh gan-an. Ilé Annie ni Blavatsky kú sí lọ́dún 1891.

Ohun kan wà tí òǹkàwé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ fojú fò. Ẹgbẹ́ náà kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ọmọ ìyá ni gbogbo ènìyàn láìka àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn sí, síbẹ̀ ìwé Blavatsky to ẹ̀yà ènìyàn bí ẹni to àkàbà, tí àwọn kan wà lókè, tí àwọn kan sì wà nísàlẹ̀. Annie gba ọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́ra.

Ọmọ Narayaniah

Ó dé India ní oṣù Kọkànlá ọdún 1893, ibẹ̀ ló sì fi ṣe ilé. Ó túmọ̀ Bhagavad Gita sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Central Hindu College sílẹ̀ ní Benares lọ́dún 1898, ó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ lọ́dún 1907.

Lọ́dún 1909, ní etíkun Adyar tí olú ilé ẹgbẹ́ wà ní Madras, Charles Leadbeater, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, rí ọmọ ọdún 14 kan tó rù kan egungun, tó ń jẹ́ Jiddu Krishnamurti. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀, Narayaniah, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ náà. Leadbeater ní ọmọ yìí ni Olùkọ́ Ayé tí wọ́n ń retí yóò gbé ara rẹ̀ wọ̀. Annie gbà á gbọ́. Lọ́dún 1910, Narayaniah fọwọ́ sí ìwé pé kí Annie jẹ́ alágbàtọ́ fún Krishnamurti àti àbúrò rẹ̀, Nityananda. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa palẹ̀ ọ̀nà mọ́ dè é, Annie sì kó àwọn ọmọ náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá wọn kábàámọ̀. Kò fẹ́ kí Leadbeater sún mọ́ àwọn ọmọ òun mọ́, kò sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ ọmọ òun di òrìṣà. Lọ́dún 1912, ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Obìnrin tí adájọ́ ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí nítorí ìgbàgbọ́ ló wá ń jà níwájú adájọ́ pé kí ọmọ ẹlòmíràn má padà sílé bàbá rẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ kan náà. Ilé ẹjọ́ Madras dá Narayaniah láre, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ibẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Annie gbé ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ ọba ní London, ó sì borí lọ́dún 1914: wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ náà ń gbé, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́. Nígbà tí wọ́n ń rojọ́ Mabel lọ́dún 1878, ẹnikẹ́ni kò bi òun náà.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú gbà á lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìjọba ara-ẹni fún India sílẹ̀ lọ́dún 1916. Ìjọba amúnisìn sé e mọ́lé ní oṣù Kẹfà ọdún 1917, ariwo sì pọ̀ débi pé wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Kí ọdún náà tó parí, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ ààrẹ Indian National Congress. Ní Accra, lọ́dún 1920, Casely Hayford àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Nàìjíríà, Sierra Leone àti Gambia pe ìpàdé Congress tiwọn fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lásìkò yìí, Gandhi ti gba iwájú ìjà India, Annie kò sì bá a rìn nínú ọ̀nà àìgbọràn sófin tó yàn.

Nityananda kú lọ́dún 1925. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1929, ní Ommen, lórílẹ̀-èdè Netherlands, Krishnamurti dìde níwájú nǹkan bí 3,000 ọmọ ẹgbẹ́ tó kóra jọ nítorí rẹ̀, ó sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Ó ní kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè là sílẹ̀ fún ẹlòmíràn dé ibi òtítọ́, òun kò sì fẹ́ ọmọlẹ́yìn. Annie wà níbẹ̀, ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún, ó jókòó, ó ń gbọ́. Kò kọ ọmọ náà sílẹ̀, ọmọ náà kò sì ṣíwọ́ pípè é ní Amma, ìyẹn ìyá.

Ó kú ní Adyar lógúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1933, lẹ́ni ọdún 85, wọ́n sì sun òkú rẹ̀ bí àṣà ilẹ̀ náà. Krishnamurti kò tẹ ilẹ̀ ọgbà Adyar mọ́ fún ọdún 47. Ọdún 1980 ló tó tún gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, òun náà ti di ẹni ọdún 85.