Àga tí a Fi Ta Ọrẹ: Ìtàn Ìyáàfin Rebecca Felton

Bí aṣòfin kan bá kú, tàbí bí ó bá fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, àga rẹ̀ a ṣófo. Ta ni ó ni irú àga bẹ́ẹ̀? Ṣé àwọn ará ìlú tí ó dìbò ni, tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú tí aṣòfin náà wà, tàbí gómìnà tí òfin fún ní àṣẹ láti fi ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀? Ẹ̀yin olùkà wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ fi tọkàntọkàn ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má ṣe rò pé ìbéèrè kékeré ni èyí. Ìpínlẹ̀ Georgia, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ní àga kan ní Ilé Aṣòfin Àgbà ní Washington tí ìbéèrè yìí ti dìde lé lórí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Obìnrin kan sì wà tí ó mọ ojú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀, ó bá àwọn tí ó fi àga náà ṣòwò jà; nígbà tí ó di arúgbó, òun gan-an ni wọ́n gbé e fún. Orúkọ rẹ̀ ni Rebecca Felton.

A bí i ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 1835, nítòsí ìlú Decatur. Ọlọ́rọ̀ ni Charles Latimer bàbá rẹ̀. Ó ní oko, ó ní ilé ìtajà, ó sì ní ẹrú. Bàbá náà kò fi ẹ̀kọ́ du ọmọbìnrin rẹ̀. Ó rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin ní ìlú Madison, ọmọ náà sì jáde níbẹ̀ ní ọdún 1852 pẹ̀lú ipò kìíní. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ Dókítà William Felton, oníṣègùn àti oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, wọ́n sì ń gbé ní oko kan nítòsí Cartersville. Ẹrú ni ó ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà jà láti ọdún 1861 títí di 1865, ogun náà ba oko wọn jẹ́, àwọn ẹrú gba òmìnira, ọmọ wọn méjì sì kú. Nínú ọmọ márùn-ún tí wọ́n bí, ọ̀kan ṣoṣo ni ó dàgbà. Lẹ́yìn ogun, tọkọtaya náà dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí oúnjẹ òòjọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ìyáàfin Felton ṣe di olùkọ́.

Ní ọdún 1874, ọkọ rẹ̀ díje fún ipò ní Ilé Aṣojú ní Washington. Kò tẹrí ba fún àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ Democrat tí ó ń ṣe bí ó ti wù wọ́n ní Georgia. Ó dá dúró. Aya rẹ̀ ni akọ̀wé rẹ̀. Òun ni ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròhìn, òun ni ó ń ṣètò ìpàdé, òun sì ni ó ń bá a to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ní gbangba. Dókítà Felton wọlé, ó sì tún wọlé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Obìnrin kò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní Georgia ní àkókò yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn a máa fi tọkọtaya náà ṣe àwàdà pé àwọn kò mọ èwo nínú wọn ni aṣòfin.

Ibi tí ìjà àga yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ọdún 1880. Ní àkókò náà, ará ìlú kọ́ ni ó ń dìbò yan àwọn ọmọ Ilé Aṣòfin Àgbà. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yàn wọ́n; bí àga kan bá sì ṣófo nígbà tí ilé náà kò jókòó, gómìnà ni yóò fi ẹnì kan dí i títí wọn yóò fi padà jókòó. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Ọ̀gágun John Gordon, ẹni tí gbogbo òyìnbó Georgia ń yìn nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ogun, fi àga rẹ̀ sílẹ̀ lójijì, nígbà tí ó ku bí ọdún márùn-ún kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Kíákíá ni Gómìnà Alfred Colquitt fi Joseph Brown jókòó síbẹ̀. Brown yìí ti ṣe gómìnà rí. Ọ̀gá rélùwéè ni, ó sì ń fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìjọba yá a wa èédú. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé iṣẹ́ rélùwéè tí owó wà nídìí rẹ̀ ti ń dúró de Gordon. Colquitt fúnra rẹ̀ sì fẹ́ kí wọ́n tún dìbò fún òun ní ọdún yẹn kan náà. Àtìlẹ́yìn ọlọ́rọ̀ bíi Brown kò ní ṣàì wúlò fún un. Ariwo ta káàkiri ìpínlẹ̀ náà pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúnàádúrà. Wọ́n sẹ́. Síbẹ̀, Colquitt wọlé padà, ilé aṣòfin Georgia sì fi Brown múlẹ̀ sórí àga náà kí ọdún tó parí.

Tọkọtaya Felton kò gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Dókítà Felton pàdánù ipò rẹ̀ ní Washington nínú ìdìbò ọdún 1880 náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, ó wọ ilé aṣòfin Georgia. Ohun tí aya rẹ̀ dojú ìjà kọ jù lọ ni yíyá tí ìjọba ń yá àwọn ẹlẹ́wọ̀n fún àwọn oníṣòwò. Ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ń dè pọ̀ ní àgọ́ iṣẹ́, púpọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ ènìyàn dúdú. Àwọn ọlọ́lá tí ó pín àga aṣòfin láàárín ara wọn wà nínú àwọn tí ó ń jẹ èrè iṣẹ́ yìí. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ìdí nìyẹn tí ilé aṣòfin fi pẹ́ kí ó tó gbọ́. Ọdún 1908 ni Georgia tó fi òpin sí àṣà náà. Ní ọdún 1911, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Ìyáàfin Felton kọ ìwé ìrántí ńlá kan nípa òṣèlú Georgia, ó sì tún bá Gordon, Brown àti Colquitt ṣẹjọ́ nínú rẹ̀. Ó tún jà kí àwọn ọmọbìnrin lè wọ yunifásítì, kí obìnrin sì lè dìbò. Láti ọdún 1899 ni ó ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròhìn kan ní Atlanta, àwọn ará oko sì ń kà á.

Bí a bá dúró níbi tí a dé yìí, a ó dà bí ẹni tí ó sọ ìtàn dé ìdajì. Ọbẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Obìnrin tí ó rí ìyà ẹlẹ́wọ̀n kò rí ènìyàn dúdú gẹ́gẹ́ bí ọmọnìkejì tí ó lẹ́tọ̀ọ́. Ní ọdún 1897, níwájú àpéjọ àwọn àgbẹ̀ ní erékùṣù Tybee, ó fọwọ́ sí i pé kí èrò òyìnbó máa so ọkùnrin dúdú tí a bá fẹ̀sùn kàn nípa obìnrin òyìnbó rọ̀, láìdúró de adájọ́. Nígbà tí wọ́n tún tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1898, Alexander Manly, ọmọ ènìyàn dúdú tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròhìn ní Wilmington, ní North Carolina, kọ èsì sí i. Ní ọjọ́ 10, oṣù kọkànlá, ọdún yẹn, àwọn òyìnbó tí ó dìhámọ́ra dáná sun ilé iṣẹ́ Manly, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú, wọ́n sì fi ipá lé ìjọba ìlú tí a dìbò yàn kúrò. Ìyáàfin Felton kò kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní ọdún 1913, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe, ó sì di pé kí ará ìlú fúnra wọn máa dìbò yan ọmọ Ilé Aṣòfin Àgbà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ ní ṣíṣí: bí àga bá ṣófo, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fún gómìnà ní àṣẹ láti yan ẹni tí yóò jókòó fún ìgbà díẹ̀, títí di ọjọ́ ìdìbò. Ní ọdún 1920, àtúnṣe mìíràn fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Georgia ti kọ àtúnṣe yìí ní ọdún 1919, kí ìpínlẹ̀ mìíràn tó kọ̀ ọ́. Thomas Hardwick sì wà nínú àwọn ọmọ Ilé Aṣòfin Àgbà tí ó dìbò lòdì sí i. Hardwick yìí kan náà ni ó ti jẹ́ òpómúléró òfin tí ó gba ìdìbò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn dúdú Georgia ní ọdún 1908.

Ní ọdún 1922, Hardwick ni gómìnà. Ní oṣù kẹsàn-án ni ẹgbẹ́ Democrat kọ̀ láti tún fà á kalẹ̀. Ipò ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, aṣòfin Tom Watson kú, àga rẹ̀ sì ṣófo. Àga tí Gordon fi sílẹ̀ fún Brown ní ọdún 1880 gan-an ni. Hardwick fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdìbò ni yóò fi gbà á. Bí ó bá fi olóṣèlú alágbára jókòó síbẹ̀, olúwarẹ̀ lè kọ̀ láti dìde fún un. Àwọn obìnrin tí ó ti bínú sí i sì ti ní ìdìbò lọ́wọ́ wàyí. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ó kéde pé Ìyáàfin Felton, ẹni ọdún 87, ni òun yàn. Arúgbó kò ní bá a du àga. Àwọn obìnrin yóò sì rò pé ó ti ronú pìwà dà. Bẹ́ẹ̀ ni Ilé Aṣòfin Àgbà kò ní jókòó kí ìdìbò tó dé, nítorí náà ọlá náà kò ní ju orúkọ lásán lọ.

Ẹní bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹ́ Democrat fa Adájọ́ Walter George kalẹ̀, Hardwick sì pàdánù. Ní oṣù kọkànlá ni George wọlé pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin òyìnbó Georgia kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ìyáàfin Felton parí síbẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Harding pe àwọn aṣòfin jọ lójijì nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n bẹ George pé kí ó fún ìyá náà láàyè díẹ̀ kí ó tó fi ìwé ìyànsípò tirẹ̀ hàn. George gbà. Ní ọjọ́ 21, oṣù kọkànlá, ọdún 1922, Rebecca Felton búra, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ ní Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ̀rọ̀ ní ṣókí pé àwọn obìnrin tí yóò tẹ̀ lé òun yóò ṣiṣẹ́ dáradára. Lẹ́yìn náà, ó dìde, George sì jókòó. Òun náà ni ẹni ìkẹ́yìn tí ó ti ní ẹrú rí tí ó jẹ́ ọmọ ilé náà.

Ó padà sílé, ó sì kú ní Atlanta ní ọjọ́ 24, oṣù kìíní, ọdún 1930, lẹ́ni ọdún 94. Àga náà kò sinmi. Ní ìparí ọdún 2019, ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nítorí àìlera. Gómìnà ìgbà náà yan obìnrin kan, Kelly Loeffler, oníṣòwò olówó, ẹni tí ó jẹ́ obìnrin kejì tí yóò ṣojú Georgia ní ilé náà. Nígbà tí ará ìlú fúnra wọn dìbò ní oṣù kìíní ọdún 2021, wọn kò dìbò fún un. Raphael Warnock ni wọ́n yàn, oníwàásù, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí Georgia rán lọ sí Ilé Aṣòfin Àgbà. Àga tí Ìyáàfin Felton jókòó lé ni ó jókòó lé.

Ẹ wò ó dáadáa. Ní ọdún 1880, gómìnà wá ìdìbò fún ara rẹ̀, ó fi àga ta ọlọ́rọ̀ lọ́rẹ. Ní ọdún 1922, gómìnà wá àga fún ara rẹ̀, ó fi ta arúgbó obìnrin lọ́rẹ. Ọrẹ kejì dùn-ún gbọ́ létí ju ti àkọ́kọ́ lọ, ayọ̀ àwọn obìnrin tí ó rí ìbúra náà kì í sì í ṣe ayọ̀ ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ méjèèjì, ẹni tí ó ni àga kò sí níbi tí a ti ń pín in. Èyí tí ó burú jù ni ti ènìyàn dúdú Georgia, tí wọn kò jẹ́ kí ó dìbò kí àga tó ṣófo, tí wọn kò sì jẹ́ kí ó dìbò nígbà tí ó ṣófo tán.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí àga bá ṣófo, tí a sì ń sọ ọ́ lábẹ́lé pé ẹni yín ni a ó fi síbẹ̀, ẹ má ṣe tètè jó. Ẹ bèèrè ọjọ́ ìdìbò. Ọwọ́ tí ó fi àga ta yín lọ́rẹ lónìí lè fi ta ọ̀tá yín lọ́rẹ lọ́la, ẹ kò sì ní lẹ́nu láti fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń sọ fún àwọn ọmọ pé obìnrin kan báyìí ni ó kọ́kọ́ wọ ilé náà, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ tán fún wọn, títí kan ohun tí ó ṣe ní Tybee àti ẹni tí ó gbé àga fún un.