Sultan Khan: Ará oko tó borí àwọn ọ̀ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì nílùú òyìnbó

Ní àwọn ìlú bíi Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, kò ṣàjèjì kí àgbẹ̀ ti oko dé, kó wẹ̀, kó jẹun, kó sì gba abẹ́ igi lọ níbi tí wọ́n ti ń ta ayò ọlọ́pọ́n. Níbẹ̀, wọn kì í béèrè ìwé tí ènìyàn kà tàbí owó tó wà lápò rẹ̀. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ló ń fi ọ̀ta hàn yàtọ̀ sí òpè. Ẹni tó bá mọ ìṣe abẹ́ igi yìí yóò tètè lóye ìtàn Mir Sultan Khan, ọkùnrin ará oko tó fi ayò ṣẹ́ẹ̀sì da jìnnìjìnnì bo àwọn aláwọ̀ funfun láàárín ọdún 1929 sí 1933.

Abúlé Mitha Tiwana, ní agbègbè Punjab, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1903. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Íńdíà wà nígbà náà. Lónìí, ilẹ̀ Pakistan ni abúlé náà bọ́ sí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì láti kékeré, ṣùgbọ́n bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń ta á ni ó mọ̀. Nínú tiwọn, ọmọ ogun kì í gbé ẹsẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá kọ́kọ́ ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ọba àti ilé ìṣọ́ kì í jùmọ̀ ṣípò pa dà bíi ti òyìnbó.

Ọlọ́lá kan ní agbègbè náà, Sir Umar Hayat Khan, tó fẹ́ràn ayò yìí gidigidi, rí ẹ̀bùn tó wà lára ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì gbà á sọ́dọ̀ kó lè kọ́ bí òyìnbó ṣe ń ta tiwọn. Ní ọdún 1928, Sultan Khan gba ipò kìíní nínú ìdíje gbogbo Íńdíà. Ìgbà mẹ́jọ ló borí, ó ta ọ̀mì kan, ẹnikẹ́ni kò sì lù ú.

Nígbà tí Sir Umar ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1929, ó mú un dání. Òtútù ìlú òyìnbó kò bá a lára mu rárá, ibà àti ọ̀fun dídùn sì ń dà á láàmú. Kò mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò ka àwọn ìwé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ayò náà. Síbẹ̀, ọdún yẹn kò tíì parí tó fi gba ipò aṣáájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Ramsgate. Ìjọba tí ó na àwọn ọmọ rẹ̀ níná ayò yìí náà ló ń pàṣẹ lé Ṣakí àti Ìsẹ́yìn lórí nígbà náà. Ó tún gba ipò yìí ní ọdún 1932 àti 1933.

Èyí tí àwọn tó mọ̀ nípa ayò náà kò gbàgbé títí dòní ni èyí tó ta pẹ̀lú José Raúl Capablanca, ará Kúbà, ní ìlú Hastings, níbi ìdíje ìparí ọdún 1930 sí 1931. Capablanca ti jẹ ọ̀ta àgbáyé láti 1921 sí 1927, ẹni tó bá lè lù ú kò wọ́pọ̀. Nígbà tí wọ́n ta á dé orí 21, Capablanca rán ilé ìṣọ́ rẹ̀ wọ inú ilé Sultan Khan lọ, ó sì lé ọba rẹ̀ sókè. Ní orí 23, Sultan Khan fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi gba ilé ìṣọ́ méjèèjì. Kò yára lẹ́yìn náà. Ó mú ọba rẹ̀ lọ síbi ààbò, ó to ilé ìṣọ́ tirẹ̀ méjèèjì sójú ọ̀nà, ó sì ń fún ayaba Capablanca mọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di orí 65, Capablanca gbà pé òun ti pàdánù.

Ní ọdún 1931, ó borí Tartakower nínú ìdíje ìta 12: ó ṣẹ́gun ní mẹ́rin, ó pàdánù mẹ́ta, wọ́n sì ta ọ̀mì márùn-ún. Lọ́dún kan náà, ní ìlú Prague, òun ló jókòó sí tábìlì àkọ́kọ́ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lu Flohr àti Rubinstein, ó sì ta ọ̀mì pẹ̀lú Alekhine, ẹni tí í ṣe ọ̀ta àgbáyé lásìkò náà.

Ní òpin ọdún 1933, Sir Umar pa dà sílé, Sultan Khan sì bá a lọ. Bí ìrìn àjò náà ṣe parí nìyẹn. Ó kọjú sí oko àti ẹbí rẹ̀, kò sì tún ṣe ìdíje ní ilẹ̀ òyìnbó mọ́. Ọmọ rẹ̀ kan ròyìn pé bàbá àwọn kọ̀ láti kọ́ àwọn ní ṣẹ́ẹ̀sì, ó ní kí wọ́n wá ohun tó lérè jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe. Ní ọjọ́ 25, oṣù Igbe, ọdún 1966, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní ìlú Sargodha.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó ń sọ ni pé ìránṣẹ́ lásán tí kò mọ̀wé ni. Ẹbí rẹ̀ ti ta ko èyí gbangba. Wọ́n ní onílẹ̀ ni ìdílé wọn, ó sì mọ̀wé kà. Nígbà tí àjọ FIDE, tó ń ṣàkóso ayò náà lágbàáyé, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọ̀ta ní oyè Grandmaster ní ọdún 1950, kò sí orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà láyé. Oṣù Èrèlé ọdún 2024 ni wọ́n tó fi oyè náà dá a lọ́lá, nǹkan bí ọdún 58 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Kí ló jẹ́ kí oyè náà lè tó o lọ́wọ́, bó tilẹ̀ pẹ́? Àkọsílẹ̀ ni. Ní ibi ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì, gbogbo bí wọ́n ṣe ń ta á ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, lórí kan tẹ̀ lé èkejì, àwọn onímọ̀ a sì máa ṣàlàyé ibi tí ọgbọ́n wà àti ibi tí àṣìṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ lónìí lè to ọpọ́n, kó sì tẹ̀ lé ọwọ́ Sultan Khan láti orí kìíní dé orí 65, láìka ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá pe òun fúnra rẹ̀ sí. Ọ̀ta ayò ọlọ́pọ́n ti kú lọ lábẹ́ igi ní Òkè-Ògùn láìlóǹkà, ọgbọ́n wọn sì bá wọn wọ ilẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Àwọn tó kù ṣì ń ta á. Ẹni tó bá ní bírò lọ́wọ́ lè lọ jókòó tì wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.