Aurangzeb: ọba tó jagun títí àpò ìjọba Mughal fi gbẹ

Ìyá kan náà ló bí àwọn ọmọọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó du ìtẹ́ ilẹ̀ Mughal ní Íńdíà lọ́dún 1657. Mumtaz Mahal lorúkọ ìyá náà. Orí sàréè rẹ̀ ni Shah Jahan, ọkọ rẹ̀, kọ́ ilé aláràbarà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Taj Mahal lé. Dara Shikoh ni àgbà, Shah Shuja tẹ̀ lé e, Aurangzeb ṣe ẹ̀kẹta, Murad Bakhsh sì ni àbúrò gbogbo wọn. Kò sí òfin ní ilẹ̀ Mughal pé àrẹ̀mọ ni yóò jọba. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a ló ń dé adé, ibojì ló sì sábà máa ń jẹ́ ti àwọn tó kù.

Ìlú Dahod, ní Gujarat, ni wọ́n ti bí Aurangzeb lọ́dún 1618. Láti kékeré ló ti fi hàn pé ẹ̀rù kì í ba òun. Lọ́dún 1633, nígbà tí wọ́n ń mú erin jà níwájú ọba, ọ̀kan nínú àwọn erin náà ya bo àwọn èrò. Gbogbo èèyàn fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yìí dúró lórí ẹṣin rẹ̀, ó sọ ọ̀kọ̀ mọ́ erin náà níwájú orí. Erin lu ẹṣin ṣubú; ọmọ náà fò dìde, ó fa idà yọ.

Dara ni bàbá wọn fẹ́ràn jù. Ọ̀mọ̀wé ni, ó tilẹ̀ ṣètò bí wọ́n ṣe túmọ̀ ìwé mímọ́ àwọn Híńdù sí èdè Páṣíà, ṣùgbọ́n kò mọ ogun bí àbúrò rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá Shah Jahan wólẹ̀ lọ́dún 1657, ìjà bẹ́. Aurangzeb ṣẹ́gun Dara ní Samugarh lọ́dún 1658, ó sì ti bàbá tó bí i mọ́ inú odi Agra, níbi tí Jahanara, ọmọbìnrin ọba, ti ń tọ́jú rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́dún 1666. Wọ́n pa Dara lọ́dún 1659, wọ́n pa Murad lọ́dún 1661. Shuja sá lọ sí Arakan, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Ẹni tó ṣe báyìí sí ẹbí rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré rárá. Ó há Al-Kùránì sórí, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, ó sì ń rán fìlà tà. Ó kó àwọn onímọ̀ jọ láti ṣe àkójọ òfin ńlá tí wọ́n ń pè ní Fatawa Alamgiri, ní ìlànà Hanafi, tó yàtọ̀ sí ti Maliki tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1679, ó dá owó orí jísíyà padà sọ́rùn àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, èyí tí Akbar, baba ńlá rẹ̀, ti fagi lé lọ́dún 1564. Wọ́n wó tẹ́ńpìlì ńlá Varanasi àti ti Mathura lórí àṣẹ rẹ̀. Wọ́n sì bẹ́ orí Guru Tegh Bahadur, olórí ẹ̀sìn Sikh, ní Delhi lọ́dún 1675. Àwọn nǹkan wọ̀nyí dá ọ̀tá sílẹ̀ fún un. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ẹ̀sìn nìkan ló fọ́ ìjọba náà kò tíì rí gbogbo ọ̀rọ̀, torí àwọn Híńdù tó wà nípò ìjòyè lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ayé bàbá rẹ̀ lọ, ó sì fún àwọn tẹ́ńpìlì kan nílẹ̀. Ogun gúúsù, ní ilẹ̀ Deccan, ló jẹ ìjọba náà dé egungun.

Shivaji, olórí àwọn Maratha, ló dá a sílẹ̀. Ó wá sí Agra lọ́dún 1666, wọ́n há a mọ́, ó yọ́ sá lọ. Nígbà tó di ọdún 1674, ó fi ara rẹ̀ jọba. Lẹ́yìn ikú Shivaji, ọmọ Aurangzeb kan, tó ń jẹ́ Akbar bíi baba ńlá rẹ̀, dìtẹ̀ sí bàbá rẹ̀ lọ́dún 1681, ó sì sá lọ bá Sambhaji, ọmọ Shivaji. Ni ọba bá gbéra lọ sí gúúsù. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Kò sì fojú kan Delhi mọ́ títí tó fi kú.

Ó gba Bijapur lọ́dún 1686, ó gba Golconda lọ́dún 1687, ó pa Sambhaji lọ́dún 1689. Ilẹ̀ Mughal kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tó yẹ kí ó ti gbà pé ó tó nìyẹn, ṣùgbọ́n kò dúró. Àwọn Maratha kò ní olú-ìlú kan tí èèyàn lè gbà kí ogun parí. Bí ọmọ ogun ọba bá gba odi òní, wọn a tún gba ti àná padà. Odi Jinji nìkan gbà á ní ọdún mẹ́jọ. Owó ìṣákọ́lẹ̀ àwọn abúlé ni ọba Mughal sì fi ń san owó iṣẹ́ fún àwọn ìjòyè ológun, òun ni wọ́n fi ń bọ́ ẹlẹ́ṣin wọn. Aurangzeb fi oyè fa àwọn ọ̀tá mọ́ra títí oyè fi pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ìjòyè tí kò rí tirẹ̀ gbà ń fún àgbẹ̀ lọ́rùn, tàbí kí ó máa bá ọ̀tá dúnàádúrà lábẹ́lẹ̀.

Ó kú ní Ahmadnagar lọ́dún 1707, lẹ́ni ọdún 88. Àwọn lẹ́tà tó kọ sí àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ikú ń bọ̀ kún fún àbámọ̀. Sàréè tí kò ní òrùlé ni wọ́n sin ín sí ní Khuldabad, gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà fi gbé idà síra wọn. Lọ́dún 1739, Nadir Shah ti Páṣíà kó Delhi, ó sì gbé ìtẹ́ ológe tí Shah Jahan ṣe lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gba ìyókù. Ọdún 1858 ni wọ́n lé ọba Mughal tó kẹ́yìn lọ sí Burma.

Ìlú kan wà nítòsí Khuldabad tó ń jẹ́ orúkọ Aurangzeb láti ayé rẹ̀, Aurangabad. Lọ́dún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Maharashtra yí orúkọ náà padà sí Chhatrapati Sambhajinagar, orúkọ Sambhaji tí Aurangzeb pa.