Òru Tí Monica Fi Gbàdúrà Létí Òkun

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, bí ọmọ yín tó ti dàgbà bá fẹ́ fi ilé sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí oorun kò sì kun yín mọ́, ẹ wo ìgbésí ayé Monica, ìyá Augustine.

Ìlú Thagaste, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, ni Monica gbé. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Augustine, ọmọ tí ó bí ní ọdún 354, tẹ̀lé ẹ̀kọ́ òdì àwọn ọmọlẹ́yìn Mani. Lójoojúmọ́ ni ìyá yìí ń sunkún níwájú Ọlọ́run nítorí rẹ̀.

Ní ọdún 383, Augustine, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Carthage, pinnu láti lọ sí Róòmù. Monica, tí ó ti di opó, tẹ̀lé e dé etí òkun. Ó dì mọ́ ọn pé bí kò bá ní padà sílé, kí àwọn jọ lọ. Augustine tan ìyá rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kan ni òun fẹ́ sìn wọkọ̀. Monica wọ ilé àdúrà kan nítòsí, ó fi òru náà bẹ Ọlọ́run kí ọmọ òun má lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ti lọ.

Ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ ni? Ó gbọ́. Ohun tí Monica bèèrè lóru ọjọ́ náà ni kò ṣe, kí ó lè ṣe èyí tí ó ti ń bèèrè tipẹ́. Augustine fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i nígbà tó yá. Láti Róòmù ni ó ti dé Milan ní ọdún 384, níbi tí ó ti gbọ́ ìwàásù Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose. Monica sunkún kíkorò, ṣùgbọ́n ó tún padà sórí eékún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó la òkun kọjá lọ bá ọmọ rẹ̀. Ní Àjíǹde ọdún 387, Ambrose ṣe ìrìbọmi fún Augustine.

Ní ọdún yẹn kan náà, bí wọ́n ti ń padà bọ̀ wálé, Monica ṣàìsàn ní Ostia, ó sì kú ní ọdún kẹrìndínlọ́gọ́ta ọjọ́ ayé rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni ó fẹ́ kí a sin òun sí. Ní ìkẹyìn, ó ní kí wọ́n sin òun síbikíbi, nítorí kò sí ibi tó jìnnà sí Ọlọ́run.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gba ọmọ yín nímọ̀ràn, kí ẹ sì súre fún un. Bí ó bá lọ, ẹ má ṣe dẹ́kun àdúrà. Ọmọ lè kúrò lójú wa. Kò lè kúrò lójú Ọlọ́run. Kí Olúwa pa wọ́n mọ́ ní àlọ àti àbọ̀. Àmín.